Èémí Akọ Irin

Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù Kẹta

Èmi ni mo mi àkàbà náà. Mo ti kọ ọ́. Ó tán.

Kò tán. Lẹ́tà mi rí bí ibi tí adìyẹ ti tú ilẹ̀. Kí n kọ ọ́ dáadáa, bóyá á kúrò lọ́kàn mi.

Ọjọ́rú, 11 oṣù Kejì, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà lókè irin gíga tí a fẹ́ gbé táǹkì omi lé, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà Bàbá. (Akọ Irin ni mo ń pè é nínú ọkàn mi. Lójú rẹ̀, "bọ̀ọ̀dá" ni o.) Èmi àbúrò rẹ̀ obìnrin ni mo di àkàbà mú nísàlẹ̀. Iṣẹ́ mi nìyẹn látìgbà tí mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹta sẹ́kọ́ńdìrì: di àkàbà mú, gbé irin wá, gba ìfọ́tí. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ó fọ́ mi létí lẹ́ẹ̀mẹta lójú àwọn ọmọṣẹ́, torí pé irin tí mo gé fi ìka kan kúrú. Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dùn mí ju etí lọ.

Nígbà tó wá ń sọ̀ kalẹ̀, ó tún ń bú mi láti òkè: "Orí ẹja, di nǹkan yẹn mú!" Mo dì í mú. Mo sì mì ín. Lẹ́ẹ̀kan péré. Mo kàn fẹ́ kó pariwo, kí èmi náà rẹ́rìn-ín.

Kò pariwo. Ọrùn ló fi sọlẹ̀. Ìró rẹ̀ dà bí ìgbà tí èèyàn bá ṣẹ́ igi gbígbẹ lórí orúnkún.

Ọjọ́ kọkàndínlógún rèé. Eegun ọrùn fọ́, okùn tó wà nínú eegun ẹ̀yìn fara gbọgbẹ́. Kò lè gbé ọwọ́. Kò lè gbé ẹsẹ̀. Kò lè mí. Wọ́n lu ihò sí i lọ́fun, wọ́n ki páìpù bọ̀ ọ́, ẹ̀rọ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì tó ń bá a mí. Mo sọ ẹ̀rọ náà ní Ahanrun, torí pé bí bàbá àgbà tó sùn gbàgbé ló ń ṣe: hùùn – fìì. Hùùn – fìì.

Ó lè ṣẹ́jú. Ó lè mi ètè. Ohùn ò sí, torí pé afẹ́fẹ́ kì í gba ọ̀fun rẹ̀ kọjá mọ́. Ọ̀rọ̀ mi wà lẹ́nu rẹ̀, ó há síbẹ̀.

Dókítà ní bó bá tún lè mí fúnra rẹ̀, á sọ̀rọ̀. Màámi sunkún ayọ̀. Èmi lọ bì.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 oṣù Kẹta

Mo gbàdúrà pé kó mí. Mo tún gbàdúrà pé kó má mí. Ọlọ́run á ti máa wò mí bí wèrè.


Ọjọ́rú, 4 oṣù Kẹta

Kò sẹ́ni tó bi mí bó ṣe ṣubú. Kò sẹ́nì kankan. Wọ́n ti fúnra wọn dáhùn.

Ẹlẹ́rìn-ín ni, wọ́n ní. Ẹlẹ́rìn-ín ni wẹ́dà tó wà ní òdìkejì títì. Gbogbo nǹkan ló ń pa á lẹ́rìn-ín, àní bí iná bá jó o lọ́wọ́. Ọjọ́ méjì ṣáájú ìṣubú, òun àti Akọ Irin jà nítorí oníbàárà tó fẹ́ ṣe géètì. Ó sọ ọ́ ní gbangba pé, "Ìgbéraga rẹ yìí, ọrùn ni wàá fi ṣubú." Lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀ gan-an, ẹnì kan rí i tó ń tọ̀ lẹ́yìn ògiri wa. Ó parí. Ẹnu ẹni ni í pani.

Lónìí Bàbá sọdá títì pẹ̀lú ọmọṣẹ́ méjì àti ọ̀pá irin tó nípọn bí àtàǹpàkò. Mo tẹ̀ lé wọn, mo sá sáàárín àwọn géètì tí Ẹlẹ́rìn-ín fi ti ògiri, mò ń wo wọ́n láti inú ihò.

Ẹlẹ́rìn-ín rò pé eré ni. "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ wá yá irin ni, àbí ẹ wá dá a padà?" Irin ba orúnkún rẹ̀. Ó ṣubú, ẹ̀rín ò tíì kúrò lójú rẹ̀. Ìkejì ba ẹnu. Mo rí eyín lórí iyẹ̀pẹ̀, mẹ́ta tàbí mẹ́rin, bí ẹ̀kúrọ́. Àwọn ọmọṣẹ́ wá na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, wọ́n gbé e lé orí irin tí a máa ń lu nǹkan lé. Bàbá mú òòlù. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ kalẹ̀ ni wọ́n ń sọ pé, "Mí! Mí! Ọmọ mi ò lè mí! Ìwọ mí!"

Ọwọ́ tó fi ń jó irin nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo kà tí òòlù bà á. Mo bu apá ara mi jẹ títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ.

Gbólóhùn kan péré ni ì bá dá wọn dúró. Mo ní in lẹ́nu. Mo gbé e mì.


Ọjọ́ Ẹtì, 6 oṣù Kẹta

Ọlọ́pàá ti gbé Ẹlẹ́rìn-ín sátìmọ́lé, pẹ̀lú ọwọ́ tí wọ́n wé bí ọmọ tuntun. Wọn ò mú Bàbá. Wọ́n ní àánú baba tí ọmọ rẹ̀ ń kú lọ ṣe wọ́n.

Sájẹ́ǹtì wá sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní kí Akọ Irin ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan fún bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀ẹ̀mejì fún bẹ́ẹ̀ kọ́. "Ṣé ọkùnrin yẹn ló tì ọ́?"

Akọ Irin pa ojú dé. Kò là á. Sájẹ́ǹtì tún béèrè, Bàbá bẹ̀ ẹ́, Màámi fọwọ́ pa á lórí. Ó pa ojú dé pátápátá bí ọmọ tí kò fẹ́ lo òògùn. Ìgbà tí gbogbo wọn jáde ló là á. Ó wò mí. Ó ń wò mí ṣáá.

Sájẹ́ǹtì sọ lẹ́nu ọ̀nà pé àwọn á dúró dìgbà tí ohùn rẹ̀ bá dé. Bó bá kú, ẹjọ́ apànìyàn ni Ẹlẹ́rìn-ín máa jẹ́.

Nítorí náà: bó bá kú, wọ́n á so Ẹlẹ́rìn-ín kọ́. Bó bá mí, ó di ọ̀rọ̀ èmi àti Bàbá.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 oṣù Kẹta

Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín kúnlẹ̀ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù wa láti àárọ̀. Bàbá sọ òòlù sí i, òòlù fò ó lórí, ó fọ́ gíláàsì ọkọ̀ oníbàárà. Obìnrin náà ò tilẹ̀ mira. Ó rí mi. "Ọmọ mi, ìwọ lo wà níbẹ̀. O ò rí i bó ṣe ṣẹlẹ̀?"

"Mi ò rí nǹkan kan, mà."

"Mà" ni mo fi kún un. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́.


Ọjọ́ Àìkú, 8 oṣù Kẹta

Mo tún ti ṣe nǹkan kan.

Iná lọ ní wọ́ọ̀dù lọ́sàn-án. Jẹnẹrétọ̀ kọ̀, kò ṣiṣẹ́. Bátìrì inú Ahanrun ké díẹ̀, òun náà kú. Nọ́ọ̀sì sáré wá, ó yọ Ahanrun kúrò, ó fi rọ́bà àfọwọ́tẹ̀ sí ẹnu páìpù. Rọ́bà yìí dà bí bọ́ọ̀lù gígùn. O tẹ̀ ẹ́, afẹ́fẹ́ wọlé. O tú u, ó jáde. Gbogbo ará ilé aláìsàn ibí ló mọ̀ ọ́n tẹ̀, torí ọwọ́ nọ́ọ̀sì ò ká a. Èmi ni mo mọ̀ ọ́n jù. Ti Màámi máa ń yára jù nítorí ẹkún, Bàbá máa ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń fún aṣọ. Nọ́ọ̀sì ní, "Ìwọ, jókòó tì í," ó sáré lọ bá àwọn yòókù.

Èmi àti òun nìkan. Mò ń tẹ̀. Ó ń wò mí.

Ó wá mi ètè. Mo mọ̀ ọ́n. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń rí i lẹ́nu rẹ̀. Orí ẹja.

N kò mọ ohun tó gbé mi. Mo dá ọwọ́ dúró.

Mo gbé rọ́bà náà dání báyìí, n kò tẹ̀ ẹ́. Mo wí fún un pé, "Tún un sọ." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Mẹ́wàá. Ojú rẹ̀ fẹ̀. Ogún. Ètè rẹ̀ ń di àwọ̀ eérú. Nínú mi, nǹkan kan ń jó. Kí n má purọ́ fún ìwé: ó ń jó, inú rẹ̀ ń dùn. Ọgbọ̀n. Òógùn bò ó níwájú orí. Ojú rẹ̀ ò bú mi mọ́, ó ń bẹ̀ mí.

Ní èjìdínlógójì, ikùn rẹ̀ gbé sókè.

Èmi kọ́ ni mo tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ mi wà lókè. Lábẹ́ ìhà rẹ̀, lápá òsì, ara fà – kékeré, bí ẹja tó ń jà lọ́wọ́ – afẹ́fẹ́ sì dún nínú páìpù: fìì. Lẹ́yìn náà ó tún ṣe é.

Ó mí.

Mo kígbe. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ rọ́bà náà bí wèrè, omi ń dà lójú mi, mò ń sọ pé ẹ jọ̀ọ́ bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́. Òun náà ń sunkún. Omi ń ṣàn wọ inú etí rẹ̀, kò sì lè nù ún.


Ọjọ́ Ajé, 9 oṣù Kẹta

Mo sọ fún Obìnrin Aago. Òun ló ń tọ́jú iṣan àti mímí, aago rẹ̀ máa ń rọ̀ ní àyà bí oyè. Mo ní ọwọ́ ló yọ̀ mí, rọ́bà jábọ́, ni mo bá rí i tó mí.

Ó wò mí. "Ìṣẹ́jú-àáyá mélòó ni ọwọ́ fi yọ̀ ọ́?"

"Èjìdínlógójì."

Ẹni tí ọwọ́ yọ̀ kì í ka nǹkan. Òun náà mọ̀. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó fún un bí ìdè. "Bí o bá tún dán an wò, èmi fúnra mi ni màá pe ọlọ́pàá. Díẹ̀ sí i, ọpọlọ rẹ̀ ì bá ti bàjẹ́. Ṣé o gbọ́?" Mo ní mo gbọ́. Ó wá tú mi sílẹ̀, ó sì sáré. Àgbàlagbà tó ń sáré nínú wọ́ọ̀dù!

Wọ́n dán an wò pẹ̀lú dókítà. Wọ́n fi nǹkan bí pẹ́ẹ̀gì ìsá-aṣọ há a ní ìka, iná pupa wà nínú rẹ̀, ó ń ka iye afẹ́fẹ́ tó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n yọ Ahanrun. Ó mí lẹ́ẹ̀mẹ́rin, àárẹ̀ mú un. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni Màámi ké halelúyà.

Obìnrin Aago ṣàlàyé. Ọpọlọ ló ń ránṣẹ́ sí ẹran pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ ìhà pé kó fa afẹ́fẹ́. Ọrùn ni iṣẹ́ náà ń gbà kọjá. Títì ńlá ti wó níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ẹsẹ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó gbà á rí, koríko ti bò ó. Iṣan máa ń kọ́ iṣẹ́ tuntun. Bí a bá ń rán an gba ibẹ̀ lójoojúmọ́, ọ̀nà á là. Mo ní, bíi wáyà tó ní ogún okùn nínú, tí méjì péré ò já? Ó ní, "Káre, ọmọ wẹ́dà."

Mo béèrè pé kí ló mú kó mí lánàá. Ó ní ebi afẹ́fẹ́ máa ń jí iṣan tó ń sùn. Àwọn oníwádìí kan ń fi í ṣe ìtọ́jú, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ọ. "Ẹ̀rọ. Kì í ṣe ìbínú."

Ó mọ̀. Kò sọ.


Ọjọ́bọ̀, 12 oṣù Kẹta

A ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ebi afẹ́fẹ́ náà. Dókítà fọwọ́ sí i, Akọ Irin ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á dín afẹ́fẹ́ kù fún un níwọ̀n ìṣẹ́jú kan, wọ́n á dá a padà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lóòjọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ wọ́n á yọ Ahanrun, kó fúnra rẹ̀ jà.

Ìjà ni. N kò rí ìjà tó le tó bẹ́ẹ̀ rí lára ẹni tí kò lè gbé ìka. Iṣan ọrùn rẹ̀ ń yọ bí okùn, eyín rẹ̀ ń lọ̀, ojú rẹ̀ ń pọ́n. Obìnrin Aago á ní, "Fà á! Jí i! Má bẹ̀ ẹ́, fà á!" Èmi ni mo ń pe àkókò.

Ìṣẹ́jú méjì.


Ọjọ́ Ẹtì, 13 oṣù Kẹta

Ìṣẹ́jú méjì àti ààbọ̀. Bàbá fi bẹ́líìtì nà mí nítorí mo pẹ́ dé ṣọ́ọ̀bù. Mi ò ké. Mo ka iye rẹ̀. Mo ti di ẹni tó ń ka nǹkan.


Ọjọ́rú, 18 oṣù Kẹta

Ìṣẹ́jú méje. Wọ́n ní ọwọ́ Ẹlẹ́rìn-ín ti ń rùn nínú àtìmọ́lé, wọ́n gé ìka méjì. Ọmọṣẹ́ tó di ọwọ́ náà mú ló ròyìn rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo gbá a ní ìgò lórí. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ rán orí rẹ̀ lójú mẹ́rin. Bàbá béèrè ìdí, mo ní ó fọwọ́ kàn mí láyà. Irọ́ ni. Bàbá wá fi ẹsẹ̀ gbá a dà sí títì.

Èmi náà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é báyìí. Wàá kàn sọ ọ́ ni, ẹlòmíì á sì ṣẹ̀jẹ̀.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 oṣù Kẹta

Ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún.


Ọjọ́ Àìkú, 29 oṣù Kẹta

Ìṣẹ́jú ogójì. Obìnrin Aago fi ìdérí kékeré kan sí ẹnu páìpù: afẹ́fẹ́ á gba ibẹ̀ wọlé, ọ̀fun ló máa gbà jáde. Ohùn á lè wà.

Gbogbo wa dúró. Màámi di Bíbélì mú. Akọ Irin fà á. Ó wò mí. Ohùn kan jáde, ó há bí irin tí a ń wọ́ nílẹ̀:

"O ń... rùn."

Màámi ṣubú lulẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sunkún. Òótọ́ ni pé mo ń rùn. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo ti wà níbẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí, mo wá rántí pé ọ̀la ni Sájẹ́ǹtì ń bọ̀.


Ọjọ́ Ajé, 30 oṣù Kẹta

Sájẹ́ǹtì dé pẹ̀lú ìwé àti bírò. Bàbá dúró níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, èmi níbi ògiri. Mo ti wo fèrèsé. Àjà kejì ni. Mo ti wọ̀n ọ́n.

"Ta ló jù ọ́ lulẹ̀?"

Akọ Irin fa afẹ́fẹ́. Kò wò mí rárá.

"Ẹlẹ́rìn-ín... ni. Ó mi... àkàbà."

Bírò ń dún lórí ìwé. Bàbá fi ẹ̀ṣẹ́ gbá ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi, wọ́n ní, "Mo wí! Mo wí bẹ́ẹ̀!" Sìmẹ́ńtì já lé mi léjìká.

Ó yẹ kí inú mi dùn.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 31 oṣù Kẹta

Mo bi í léèrè nígbà tó ku àwa méjì. Kí ló dé tí ẹ fi purọ́? Mo rò pé á sọ pé àbúrò òun ni mí. Mo rò pé á sọ nǹkan tó máa pa mí lẹ́kún.

Ó ní, "Tí wọ́n bá... mú ọ lọ... ta ló máa... tẹ rọ́bà... tí iná bá lọ?"

Ìyẹn nìkan. Ọwọ́ mi ló nílò. Ó ti ọkùnrin kan sínú iná nítorí pé mo mọ rọ́bà tẹ̀ ju Màámi lọ.

Mo kúrò níbẹ̀, mo lọ bá Bàbá ní ṣọ́ọ̀bù, mo sọ ọ́. Gbogbo rẹ̀. Mo ti gbáradì, mo ti fi ahọ́n pamọ́ lẹ́yìn eyín.

Wọn ò nà mí. Wọ́n mú mi lọ́rùn, wọ́n tì mí mọ́ ògiri, ẹsẹ̀ mi ò kan ilẹ̀. Wọ́n mú irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń jó géètì, wọ́n gbé e lé ètè mi. Wọ́n sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. N kò mọ̀ pé Bàbá ní irú ohùn bẹ́ẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n rẹ ti sọ̀rọ̀. Òun ni wọ́n kọ sílẹ̀. Ọwọ́ tí mo fọ́, mo ti fọ́ ọ. Ṣé o fẹ́ sọ fún mi pé lásán ni mo fọ́ ọ?" Wọ́n tẹ irin náà. Ètè mi bẹ́. "Bí mo bá tún gbọ́ ọ, màá jó ẹnu yìí pọ̀ bí ẹni ń jó géètì."

Wọ́n gbé mi sílẹ̀. Wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo rí i pé wọn ò lè dáná sí irin náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n fi í kan géètì, kò mú iná.


Ọjọ́bọ̀, 2 oṣù Kẹrin

Ní aago méje àárọ̀ mo ti wà ní wọ́ọ̀dù. Obìnrin Aago ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ Ahanrun. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, mò ń lọ sọ ọ́ fún ọlọ́pàá."

"Bàbá... á pa ọ́."

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Ó fà á, ó fà á. Ó pẹ́ kó tó rí èyí tó máa fi sọ̀rọ̀. "Kí ló dé... tí o fi... mì ín?"

"Ẹ fọ́ mi létí lẹ́ẹ̀mẹta lójú àwọn ọmọṣẹ́. Ọ̀kan rẹ́rìn-ín."

Ó wo òkè ilé. "Mo rántí." Lẹ́yìn náà, "Mi ò... dárí jì ọ́."

Mo ní mo gbọ́. Mo fi ọwọ́ kan ikùn rẹ̀ lápá òsì. Ó ń gbé sókè, ó ń lọ sílẹ̀. Màámi wọlé, mo kọ́ wọn ní rọ́bà náà lẹ́ẹ̀kan sí i, díẹ̀díẹ̀: tẹ̀, dúró, tú, ẹ má sunkún tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ń béèrè pé ibo ni mò ń lọ. Mo fẹnu kò wọ́n lọ́wọ́, mo jáde.

Orí bẹ́ǹṣì àgọ́ ọlọ́pàá ni mo ti ń kọ èyí. Mo ti sọ ọ́ fún Sájẹ́ǹtì: àkàbà, rọ́bà, irọ́, òòlù, orúkọ Bàbá. Ó kọ ọ́ sí ojú ewé mẹ́ta, ó ní kí n fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀, mo fọwọ́ sí i. Kò wò mí lójú. Ó ti wọlé lọ pe ọ̀gá rẹ̀, ó sì mú kọ́kọ́rọ́ dání. Ẹnì kan ń wúkọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn àtìmọ́lé, bóyá Ẹlẹ́rìn-ín ni.

Ọ̀kadà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró níta. Ohùn Bàbá ni mò ń gbọ́ yẹn ní géètì, wọ́n ń bi ọlọ́pàá pé níbo ni mo wà. Irin kan ń ha ilẹ̀.

Mi ò dìde.